Ẹ̀gbà Ọwọ́ Àyọ̀ká

Kí Fẹ̀yìntọ́lá tó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi, aṣọ tó fi wé ẹ̀gbà náà ti ń gbẹ. Ó gbọ́ ọ nínú báàgì rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í hó díẹ̀díẹ̀, bí ẹ̀fọn tó ń kọrin sí èèyàn létí. Àwọn ọmọ mẹ́ta kan sáré kọjá lára rẹ̀ lórí afárá pákó, ó sì ké: fíín! Ọ̀kan nínú wọn yíjú padà.

"Àǹtí, kí ló ń ké nínú báàgì yín?"

Ìbéèrè ọmọdé ni. Kò lè ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. "Ẹ̀gbà ni."

"Ẹ̀gbà tó ń ké!" Ọmọ náà bú sẹ́rìn-ín, ó sáré tẹ̀ lé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Kò béèrè síwájú sí i. Orí ló yọ Fẹ̀yìntọ́lá.

Ó lóṣòó sí etí afárá, ó ti aṣọ náà bọ inú ọ̀sà, ó sì tún fi wé ẹ̀gbà náà pinpin. Ariwo náà dákẹ́. Ìyá rẹ̀ ló kọ́ ọ. Ìyá rẹ̀ ti fi ọ̀rá gbìyànjú rí, ó ti fi amọ̀ gbìyànjú, ó ti fi ìda oyin lẹ̀ ẹ́. Aṣọ tútù nìkan ló ń pa nǹkan náà lẹ́nu mọ́, kò sì sí ẹlòmíì tó mọ̀ ọ́n láyé àfi àwọn méjèèjì. Ní báyìí tí ìyá rẹ̀ ti wà nínú ilẹ̀, ó ku òun nìkan.

Ó dé ẹnu géètì ilé-ẹ̀kọ́.

"Ẹ káàárọ̀," ni géètì wí. "Ta ló pè yín wọlé?"

"Àwọn ọmọ kíláàsì Ata Rodo."

"Kí ni wọ́n pè yín fún?"

"Ohun tó bá wù wọ́n."

Géètì ṣí. Lókè rẹ̀, wọ́n fi lẹ́tà wúrà kọ ọ́ pé ọmọdé ni atọ́nà, àgbà ni òjìji tó ń tẹ̀ lé e. Ọ̀rọ̀ dídùn. Fẹ̀yìntọ́lá kì í gbójú sókè kà á. Àwọn tó kọ ọ̀rọ̀ dídùn yìí náà ló ṣe ẹ̀gbà tó wà nínú báàgì rẹ̀.

Àwọn ọmọ ti jókòó nígbà tó wọlé. Àga wọn yí òkúta ìyàn ká, òkúta dúdú pẹlẹbẹ tí wọ́n máa ń gbé ọwọ́ lé nígbà tí wọ́n bá fẹ́ yan ohun tí wọ́n máa kọ́. Lára ògiri, Etí, ẹ̀rọ tó ń gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ inú yàrá tó sì ń pa á mọ́, ti tan iná rẹ̀. Búlúù. Búlúù ni àwọ̀ rẹ̀ bó bá ń gbọ́ òótọ́.

"Àǹtí, ẹ pẹ́ dé!" Gbọ́láhàn ló sọ bẹ́ẹ̀, ọmọkùnrin kan tí eyín iwájú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù. "Ó kù díẹ̀ ká yí àga sí yín."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Fẹ̀yìntọ́lá náà rẹ́rìn-ín. Ó mọ̀ pé eré ni, síbẹ̀ ó fa báàgì rẹ̀ mọ́ra.

"Ṣé ẹ mú tiyín wá?" Ìbíyẹmí ló bi í. Òun ló yan ẹ̀kọ́ tòní. Lánàá, Gbọ́láhàn fẹ́ kí wọ́n kọ́ bí ẹja ṣe ń sùn, àwọn kan fẹ́ ìṣirò, ṣùgbọ́n Ìbíyẹmí rọ gbogbo wọn títí wọ́n fi gbé ọwọ́ lé tirẹ̀: kí kálukú mú ohun tó dàgbà jù ú lọ wá láti ilé. Ó sì nawọ́ sí olùkọ́ wọn: "Ẹ̀yin náà, Àǹtí. Ohun tó bá ṣáà ti dàgbà jù wá lọ."

Fẹ̀yìntọ́lá kò sùn mọ́jú. Láti ìgbà tó ti wọ iṣẹ́ yìí, ẹnu ọmọdé ló ti ń wò fún gbólóhùn yẹn. Òfin kò gbà kí àgbà darí ọmọdé, òun fúnra rẹ̀ kò gbọdọ̀ gbé ẹ̀gbà náà wá. Kò tilẹ̀ gbọdọ̀ mẹ́nu bà á.

"Mo mú un wá," ló wí.

Gbọ́láhàn ló kọ́kọ́ bọ́ síwájú. Okùn dúdú kan ló mú wá, igi kékeré wà lẹ́nu rẹ̀.

"Okùn jẹnẹrétọ̀ nìyí! Bàbá àgbà mi ní àwọn á so ó, àwọn á fà á, àwọn á tún so ó, àwọn á tún fà á, títí apá á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ yẹ̀."

"Kí ni wọ́n ń fà á fún?"

"Kí iná lè wá."

"Ṣé iná kì í dá wá ni?"

"Ẹ wò ó, mo bi wọ́n bẹ́ẹ̀, wọ́n ní kí n dákẹ́ jẹ́ẹ́, pé ojú àwọn ti rí nǹkan!"

Ẹ̀rín pa wọ́n. Wọ́n yíjú sí Fẹ̀yìntọ́lá bóyá òótọ́ ni, ó ní òótọ́ ni, Etí kò sì pa àwọ̀ dà. Ọmọbìnrin kan tún gbé fóònù olóbọ́tìnnì jáde, wọ́n ń gbà á láti ọwọ́ dé ọwọ́, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́, bóyá yóò sọ̀rọ̀.

Ó kan Ìbíyẹmí. Òòyà onígi ló mú wá, eyín méjì ti kán lẹ́nu rẹ̀.

"Ti ìyá àgbà mi ni. Ìyá wọn ló fi ń ya irun wọn, àwọn náà ló ń fi ya tèmi. Ní àràárọ̀. Wọ́n ní ẹ̀rọ kankan ò ní fọwọ́ kan orí mi lójú àwọn."

Fẹ̀yìntọ́lá wo irun ọmọ náà. Ṣùkú ni, ó mọ́ rekete, ọwọ́ tó dì í kò kánjú. Ó mọ ọwọ́ náà. Ọwọ́ Ìyáàfin Mọṣebọ́látán ni, olórí ilé-ẹ̀kọ́ yìí, tó wà nínú ọ́fíìsì lókè wọn níbẹ̀ lọ́wọ́lọ́wọ́. Ìyá ọmọ yìí ń ṣiṣẹ́ lórí òkun, ìyá àgbà ló ń tọ́ ọ.

Fẹ̀yìntọ́lá náà ní irun rí. Ọdún tí wọ́n fi ẹ̀gbà sí ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ ni ìyá rẹ̀ dẹ́kun dídi í, nítorí ọwọ́ tó ń di irun kò lè jìnnà sí etí. Wọ́n gbìyànjú aṣọ tútù. Aṣọ a ti gbẹ kí irun tó dé ìdajì, ẹ̀gbà a sì ké sí i létí débi tí yóò fi bú sẹ́kún. Ní ìkẹyìn, wọ́n fá a. Ìgbà tó dàgbà tán, tí ẹ̀gbà kò kà á mọ́ ọmọdé mọ́, ni ìyá rẹ̀ tó lè dì mọ́ ọn láìsí ariwo.

"Àǹtí, ó kàn yín."

Ó gbé nǹkan náà sórí tábìlì, ó tú aṣọ.

Fíííín!

Àwọn ọmọ fọwọ́ di etí, wọ́n ń pariwo, inú wọn ń dùn. "Ẹ pa á! Ẹ pa á!"

"Kò ṣeé pa."

Kò fi nǹkan kan kún un. Ó kó ọwọ́ sẹ́yìn, ó fara ti ògiri, ó ń wò wọ́n. Ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe jù nìyẹn, kó dúró jẹ́ẹ́. Gbọ́láhàn ló kọ́kọ́ kíyè sí i pé bí òun bá fi ẹ̀yìn rìn, ariwo náà ń rọlẹ̀. Ó sún mọ́ ọn, ó fà sẹ́yìn, ó ń jó sí i. Ìbíyẹmí bá kó gbogbo wọn lọ sí ògiri òdìkejì. Ẹ̀gbà dákẹ́.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún mọ́ ọn."

Fẹ̀yìntọ́lá sún mọ́ ọn. Kò dún.

"Ẹ gbé e."

Ó gbé e. Kò dún.

"Gbọ́láhàn, lọ."

Gbọ́láhàn gbé ẹsẹ̀ díẹ̀. Fíín.

Ìbíyẹmí dúró, ó ń ronú, ó fi òòyà ń tẹ ètè. "Àwa ló ń ké sí," ló wí. "Kò ké sí àgbà. Àwa ọmọdé ló ń ké sí."

Inú Fẹ̀yìntọ́lá dùn fún ìṣẹ́jú kan bí inú olùkọ́ ṣe ń dùn, láìsí ohun mìíràn nídìí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló rántí ọmọ-ọmọ ẹni tí Ìbíyẹmí í ṣe, ó sì fi aṣọ tútù náà bo ẹ̀gbà kó lè dákẹ́.

"Ta ló ni ín?"

"Màmá mi. Olùkọ́ ni wọ́n."

"Kí ló dé tí wọ́n fi wọ ohun tó ń ké sí ọmọdé?"

"Wọ́n fi sí wọn lọ́wọ́ ni. Kí ọmọdé lè máa sá fún wọn. Àwọn tí wọ́n ń kọ́ ló yí àga sí wọn."

Ariwo tán. Gbogbo wọn mọ̀ nípa yíyí àga, bí àwọn ọmọ ṣe ń kọ ẹ̀yìn sí olùkọ́ tí wọn ò fẹ́ mọ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ti rí i rí. Wọ́n kàn máa ń fi dẹ́rù ba olùkọ́ ni. Kò sí ẹni tó sọ fún wọn rí nípa ohun tó ń tẹ̀ lé e.

"Kí ni màmá yín fi àwọn ọmọ náà ṣe?" Gbọ́láhàn ló béèrè.

"Wọn ò fi wọ́n ṣe nǹkan kan."

"Irọ́!" Gbogbo wọn wo Etí. Búlúù ni. Gbọ́láhàn pa ẹnu dé.

"Ilé-ẹ̀kọ́ wo ni?"

"Yàrá tí ẹ wà yìí ni."

Ìbíyẹmí wo àga tó wà nítòsí rẹ̀ bí ẹni tí kò rí i rí. "Bí wọn ò bá ṣe nǹkan kan, kí ló dé tí wọ́n fi yí àga sí wọn?"

Nígbà ìsìnkú Àyọ̀ká, ìyá Fẹ̀yìntọ́lá, ọkùnrin kan tí irun ti funfun lágbárí rẹ̀ wá dúró lẹ́bàá sàréè, ó ń sunkún, ó ní òun wà lára àwọn ọmọ náà. Ó sọ ẹni tó rán wọn níṣẹ́. Fẹ̀yìntọ́lá gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí kóòtù, wọ́n ní ọmọ ló yàn, ìyàn ọmọ kò ṣeé yẹ̀ wò àfi bí ọmọ bá béèrè.

"Mo ti gbọ́ ìdí rẹ̀ lẹ́nu ẹnì kan," ló wí. "Ṣùgbọ́n mi ò sí níbẹ̀."

"Ta ló wà níbẹ̀?"

Fẹ̀yìntọ́lá kò mọ ìgbà tí ojú rẹ̀ yẹ̀ lọ sára ògiri.

"Àǹtí! Ojú yín!" Gbọ́láhàn fò sókè. "Mo rí i o! Ẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ darí wa!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ìbíyẹmí kò rẹ́rìn-ín. Ó tẹ̀ lé ojú náà dé ibi tó lọ.

"Etí wà níbẹ̀," ló wí.

Ó rìn lọ sídìí òkúta. Àgbà kankan kò lè bi Etí ní ohun tó ti gbọ́, ìbáà jẹ́ olórí ilé-ẹ̀kọ́, ìbáà jẹ́ gómìnà. Ọmọdé nìkan ni. Ìdí nìyẹn tí Mọṣebọ́látán fi ń sùn dáadáa láti ọdún wọ̀nyí. Ọmọ wo ni yóò béèrè ọ̀rọ̀ olùkọ́ kan tó ti kú?

Ìbíyẹmí na ọwọ́ sókè òkúta, kò tíì gbé e lé e. Ó yíjú padà.

"Àǹtí, ẹ fẹ́ kí n béèrè, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?"

Kò sí ibi tí Fẹ̀yìntọ́lá máa yà sí. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ kọ́, Etí yóò pọ́n, ẹ̀kọ́ yóò parí, òun yóò wọ ẹ̀gbà nítorí irọ́. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ó ti darí ọmọ, òun yóò wọ ẹ̀gbà náà ni. Ó kù kó ní òun ò fẹ́ dáhùn. Òfin gbà á. Yóò di aṣọ rẹ̀, yóò gbé ẹ̀gbà rẹ̀ sínú báàgì, ọ̀la á tún mọ́, Mọṣebọ́látán á tún sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, á tún kí i pé, "Fẹ̀yìn, iṣẹ́ ń lọ?" Òun náà á sì tẹ̀ ba, á ní, "Ó ń lọ, mà."

Ó wo ṣùkú orí ọmọ náà.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ló wí. "Mo fẹ́ kí o béèrè."

Etí kò pọ́n. Ṣùgbọ́n àmì funfun kan yọ láàárín búlúù náà, ó sì dúró. Etí ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó darí ọmọ.

"Yéè," Gbọ́láhàn wí jẹ́jẹ́. Kò bá wọn ṣeré mọ́.

"Ṣé ó máa dùn mí?" Ìbíyẹmí bi í.

"Yóò dùn ọ́ gan-an."

Ọmọ náà ronú. Ẹnì kankan kò sọ pé kó ṣe é, ẹnì kankan kò sọ pé kó má ṣe é. Ó gbé ọwọ́ lé òkúta.

"Etí, kí ló dé tí àwọn ọmọ yí àga sí màmá Àǹtí?"

Ohùn obìnrin ló jáde látinú ògiri, ohùn ọ̀dọ́ tó ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ gbọ́, ẹ̀yin ọmọ dáadáa. Bí Olùkọ́ Àyọ̀ká bá wọlé lọ́la, kí gbogbo yín yí àga yín. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni. Bí wọ́n bá lọ, èmi ni màá máa kọ́ yín. Ta ló fẹ́ràn odò? Ojoojúmọ́ la ó máa lọ wẹ̀."

Ohùn ọmọ kan dá a lóhùn: "Ṣùgbọ́n a fẹ́ràn wọn, Àǹtí Bọ́látán."

"Ẹ ó fẹ́ràn tèmi jù."

Ẹ̀rín tún dún. Ìbíyẹmí mọ ẹ̀rín náà. Òun ló ń jí i láràárọ̀.

Ẹsẹ̀ ń bọ̀ kíákíá lórí àtẹ̀gùn. Ilẹ̀kùn ṣí gbàgà, Ìyáàfin Mọṣebọ́látán wọlé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, gèlè ti yẹ̀ lórí rẹ̀. Ẹ̀rọ inú ọ́fíìsì rẹ̀ ti sọ fún un pé ọmọ kan ti ṣí ohùn àtijọ́.

"Ẹ dìde! Ẹ̀kọ́ ti parí. Ẹ máa lọ sílé."

Ẹnì kankan kò dìde.

"Màmá," Gbọ́láhàn wí, "ta ló pè yín wọlé?"

Obìnrin náà fi ojú gbá a, ó sì yí sí Fẹ̀yìntọ́lá. "Ìwọ ọmọ Àyọ̀ká yìí. Èmi tí mo gbà ọ́ síṣẹ́ nígbà tí ẹlòmíì ò fẹ́ fojú rí ọ!"

"Ẹ gbà mí kí n lè wà níbi tí ojú yín ti tó mi," Fẹ̀yìntọ́lá dáhùn. "Ojú tèmi náà tó yín, mà."

"O lo ọmọ mi! O lo ọmọ kékeré bá mi jà!"

"Ta ló kọ́ mi?"

"Ìyá àgbà." Ohùn Ìbíyẹmí kò ròkè. "Ṣé ohùn yín nìyẹn?"

"Olólùfẹ́ mi, gbé òòyà rẹ, ká lọ sílé. Ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni, ọ̀rọ̀ tó jinlẹ̀ ni, nígbà tí òfin ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tí gbogbo wa ń wá ìlọsíwájú ìran tó ń bọ̀..."

"Ṣé ohùn yín ni?"

Mọṣebọ́látán wo ọmọ náà. Ó wo gbogbo ojú kéékèèké yẹn. Ó lè ní òun ò fẹ́ dáhùn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ọmọ náà fẹ́ràn ló fẹ́ kó ṣì máa jẹ́.

"Kì í ṣe ohùn mi."

Iná Etí pọ́n. Ògiri pọ́n, ojú àwọn ọmọ pọ́n, ẹyin ojú obìnrin náà pọ́n.

Ìbíyẹmí gbé àga rẹ̀. Kò gbé e tán, ó ń wọ́ ọ lórí pákó, ó ń dún gbururu. Ó yí i padà, ó jókòó, ó kọ ẹ̀yìn sí wọn. Gbọ́láhàn yí tirẹ̀. Àwọn yòókù tẹ̀ lé e lọ́kọ̀ọ̀kan, títí tó fi jẹ́ pé ẹ̀yìn orí nìkan ló kù láti wò.

Ìró àga wọ̀nyẹn ni Fẹ̀yìntọ́lá ti ń gbọ́ lójú oorun láti kékeré. Ìyá rẹ̀ gbọ́ ọ nínú yàrá yìí. Ní báyìí Mọṣebọ́látán ló ń gbọ́ ọ, ẹnu rẹ̀ là, kò lè pa á dé.

"Ta ni ẹ yí àga sí?" Etí béèrè. "Àgbà méjì ló wà níwájú."

Ìbíyẹmí kò yíjú padà.

"Àǹtí Fẹ̀yìn," ló wí. "Ṣé ó dùn mọ́ yín nínú?"

Iná pupa náà ti wábi lọ. Ó ku búlúù, ó ń dúró.

"Ó dùn mọ́ mi."

Kò yí padà sí pupa.

"Mo rò bẹ́ẹ̀," ọmọ náà wí. Ó fa imú. "Etí, àwọn méjèèjì ni."

Ògiri ṣí díẹ̀, pátákó kékeré kan yọ, ẹ̀gbà tuntun méjì wà lórí rẹ̀, wọ́n ń dán. Ilẹ̀kùn kò ní ṣí fún wọn láìwọ̀ ọ́. Fẹ̀yìntọ́lá na ọwọ́ òsì, ọwọ́ tí ìyá rẹ̀ fi wọ tirẹ̀. Mọṣebọ́látán bẹ̀bẹ̀, ó lu ògiri, ó pe Ìbíyẹmí lórúkọ, lẹ́yìn náà ó wọ̀ ọ́. Aṣọ ti gbẹ lára èyí tó wà lórí tábìlì, òun náà ń ké, tuntun méjèèjì bá a ké e. Àwọn ọmọ fọwọ́ di etí. Òòyà ṣì wà láàárín ìka Ìbíyẹmí.

Fẹ̀yìntọ́lá mú ẹ̀gbà ìyá rẹ̀ àti aṣọ tó wà nídìí rẹ̀, ó jáde.

Lórí afárá ni ariwo ti tó dá wọn sílẹ̀. Mọṣebọ́látán fara mọ́ igi afárá, ó di ọwọ́ ara rẹ̀ mú bíi pé iná ló jó o.

"Ta ni yóò máa ya irun ọmọ yẹn fún mi?" ló wí. "Fẹ̀yìn, ta ni?"

Fẹ̀yìntọ́lá náà ti bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè yẹn. Ó ti ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ nílẹ̀ fún ọjọ́ òní, ó ti tò ó sínú láti ìgbà tí ó wà lẹ́bàá sàréè. Gbogbo rẹ̀ ti fò lọ.

"Ẹ fá a," ló wí. "Tèmi náà, fífá ni."

Obìnrin náà sunkún díẹ̀. Nígbà tó ṣe, ó gbé ojú tó wú sókè. "Ìwọ lo bá ìyá rẹ gbé. Jọ̀ọ́, torí Ọlọ́run. Ṣé kò sí ohun tí èèyàn lè ṣe sí ariwo yìí?"

Aṣọ náà wà nínú báàgì. Fẹ̀yìntọ́lá wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn. Kò sí Etí lórí afárá. Kò sì sí ọmọdé kankan nítòsí tó bi í ní ohunkóhun.

"Kò sí," ló wí.

Mọṣebọ́látán mi orí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ. Ní ìdí afárá, àwọn ọmọ kan ń ta bọ́ọ̀lù. Fíín! Wọ́n gbé bọ́ọ̀lù wọn, wọ́n sá. Ó yà sí ọ̀nà kejì. Fíín! Àwọn tibẹ̀ náà sá.

Fẹ̀yìntọ́lá dúró títí kò fi gbọ́ ọ mọ́. Ó wá lóṣòó sí etí omi, ó rẹ aṣọ ìyá rẹ̀, ó fún un, ó sì fara balẹ̀ wé e mọ́ ọwọ́ ara rẹ̀.